Ògbufọ̀ Tó Ṣáájú Ọ̀rọ̀

Gẹ̀ẹ́sì ti sú Ìrètí. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ o. Gbígbọ́ tó gbọ́ ọ jù gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó fi èdè kan kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú títí tó fi funfun, kí ló tún kù nínú èdè náà tó lè yà á lẹ́nu?

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì nílùú Ẹdẹ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fi ń kọ́ni, kò sì yí i padà rí. Á kọ ìlàjì gbólóhùn sójú pátákó, á fi ààyè sílẹ̀, á wá fi pankẹ́rẹ́ tọ́ka sí ààyè náà. Bó bá kọ "I am looking forward", kíláàsì á ké "to!" Bó bá kọ "She is fond", wọ́n á ké "of!" Ó máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dá rìn, pé olúkúlùkù ló ní alábàárìn tirẹ̀, ẹni tó bá sì ti mọ alábàárìn kò ní ṣìnà. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Wọ́n yege ìdánwò, wọ́n wọ Poli, wọ́n lọ sí Èkó, àwọn kan tilẹ̀ ti kọjá òkun. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún tísà wọn ni etí tí kò lè fara balẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí, kí onítọ̀hún tó rìn dé àárín, Ìrètí ti dé òpin, ó ti jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè é.

Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń lọ, wọ́n ka èyí sí ẹ̀bùn. Òun ni ògbufọ̀ nígbàkúùgbà tí àlejò oníwàásù bá dé. Àlejò á ní, "Let us rise up on our feet", àwọn ènìyàn á ti wà lórí ìdúró kí ó tó dé "feet", nítorí Ìrètí ti ní kí wọ́n dìde. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ẹ̀mí ló ń bá Màmá lò. Ẹ̀mí wo? Ojú tó ti rí i rí ni. Àwọn oníwàásù yìí ò kúkú ní ju gbólóhùn mélòó kan lọ, orúkọ ìlú ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú rẹ̀.

Òkìkí iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí ló gbé Àwáwù wá sílé rẹ̀. Àwáwù ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí. Ó ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ báyìí, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ilẹ̀ lágbègbè Ẹdẹ láti fi dá oko ẹ̀gẹ́ ńlá. Ọ̀gá tí wọ́n rán láti máa bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ ń jẹ́ David. Jos ló ti wá. Kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀", ìyẹn náà, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń fi í kí ènìyàn.

"Mummy, èmi náà lè túmọ̀ ọ," Àwáwù ní, "ṣùgbọ́n àwọn baba yẹn ò ní ka ọmọ kékeré bíi tèmi kún. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ó parí."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọ̀nà Ara títí dé ìhà Sekona, kò sí abúlé tí Ìrètí kò ti ní akẹ́kọ̀ọ́ rí. Ìyá Tísà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń dúró bí ó bá ń sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n káàkiri, orúkọ yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì gbó. Ó bá wọn lọ.

Àárẹ̀ tó wà nínú iṣẹ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku pupa, ọ̀nà tó ń da ènìyàn nífun rú. Abúlé dé abúlé, ọ̀rọ̀ kan náà. David á dìde, á tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, á ní, "It gives me great pleasure." Ìrètí á ní inú rẹ̀ dùn púpọ̀. "I want to use this opportunity." Ó fẹ́ lo àǹfààní yìí. Á sọ ti ọ̀nà tí wọn yóò là, á sọ ti iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò rí ṣe, tó bá wá kù díẹ̀ kó jókòó, á ní, "Last but not the least", èyí tó túmọ̀ sí pé kò tíì fẹ́ jókòó. Bí àwọn àgbà bá béèrè nípa ojú oórì àwọn baba wọn, ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn: "all necessary steps will be taken to preserve them." Wọn yóò tọ́jú wọn, wọn kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó yá, Ìrètí kì í wo ojú ọkùnrin náà mọ́. Á dijú, orúnkún á máa ro ó, ẹnu rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí abúlé Èṣùbíyìí, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró.

Abúlé náà kò ju agbo ilé kan lọ, lójú ọ̀nà Ara, àwọn olórìṣà ni gbogbo wọn. Ọ̀ṣunlọlá, ìyàwó olórí abúlé, ni wọ́n bá níta, ó ń sá gbodo tó fẹ́ lọ̀ ní ẹ̀lùbọ́ sórí sìmẹ́ńtì gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú oórì ni sìmẹ́ńtì náà. Níbẹ̀, bí àgbà bá kú, kì í fi ilé sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n á tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e, àwọn ọmọdé á máa jókòó ṣeré níbẹ̀, àwọn obìnrin á máa sá nǹkan síbẹ̀, bí wọ́n bá sì ń jẹun nírọ̀lẹ́, wọ́n á bu díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ifátọ́lá ló sùn sábẹ́ ibi tí Ọ̀ṣunlọlá sá gbodo sí yẹn. Òun ló bí olórí abúlé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Baba Èṣùbíyìí.

Baba Èṣùbíyìí jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ará ilé rẹ̀ yí i ká. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ ló kù tó fi ń mọ ẹni tó dé.

"Ìyá Tísà, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa bá wa túmọ̀ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀."

David dìde, inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó fẹ́ lo àǹfààní yìí. Ìrètí dijú. Nígbà mìíràn, òun gan-an ló ń ṣáájú, David ló ń tẹ̀ lé e, ẹ óò rò pé ọkùnrin náà ló ń túmọ̀ fún un. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Baba gbọ́ ọ títí, ó mi orí.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ilẹ̀ ò lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn ọmọ ti lọ gun ọ̀kadà nígboro, apá tèmi ò ká ọkọ́ mọ́. Kí ó máa gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́." Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. "Àwọn tó sùn yìí ńkọ́?"

Ìrètí bi David. David wo ibi tí wọ́n nawọ́ sí, ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó wo àwòrán ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó sì ronú díẹ̀. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti lọ, kò tíì ronú rí kó tó dáhùn ìbéèrè yìí. Ká ní ara Ìrètí dá ni, ìyẹn nìkan ì bá ti mú un fura. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, orúnkún ń ro, ojú rẹ̀ sì wà ní dídì.

"As for the graves," David ní, "I want to assure you that all necessary steps will be taken to..."

Ìrètí ti dé òpin. Ó ti jókòó síbẹ̀ tipẹ́.

"Wọ́n ní kí ọkàn yín balẹ̀," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ibi tí wọ́n wà náà ni wọn yóò wà."

"...move them to the public cemetery in town," David parí tirẹ̀.

"Àṣẹ!" ni gbogbo agbo ké, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ariwo wọn sì bo Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. David rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìrètí la ojú rẹ̀. Ó ti gbọ́. Wọn yóò hú àwọn òkú náà, wọn yóò kó wọn lọ sí ìtẹ́ òkú ìgboro, sáàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí.

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: ẹ dákẹ́, mo ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n David ti bọ́ sí ti ọ̀nà tí wọn yóò là, ẹnu Ìrètí sì tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tó ti mọ ọ̀nà ilé. Ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ òkú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á tún un ṣe bó bá yá, pé kí David kọ́kọ́ jókòó ná. Ẹyin lohùn; àgbà tó ti fi òwe náà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò lè ní òun ò mọ̀.

Kí David tó jókòó, Baba Èṣùbíyìí ti dìde.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún wọn."

Ọ̀ṣunlọlá bu omi tútù sínú igbá, ó fi òun àti obì lé Baba lọ́wọ́. Baba ta ọ̀pá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ lórí ojú oórì Ifátọ́lá, ó rọra fọwọ́ gbá gbodo sápá kan. Ibẹ̀ kò jìnnà. Gbogbo ènìyàn ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Baba mi, Ifátọ́lá, èmi ọmọ yín ni. Àlejò wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ dá oko. Mo bi wọ́n léèrè yín. Ìyá Tísà ní ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn yín. Ìyá Tísà kì í parọ́. Ẹ máa sùn."

Ó da omi sílẹ̀, ó pa obì, ó fún òkú ní ti òkú, ó jẹ tirẹ̀, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀. Nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ tí a bá ti sọ níbẹ̀, tí obì ti wọ̀ ọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ alààyè. A kì í tún padà lọ bá òkú pé a ti yí ohùn padà.

"What is he doing?" David béèrè.

"He is telling his father," Ìrètí dá a lóhùn.

"Very good," David wí, ó sì ní kí Àwáwù gbé páàdì íǹkì wá kí Baba lè tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà.

Àwáwù dìde, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn àga Ìrètí, ó sọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́.

"Mummy, mo gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ, mo sì gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbà. Nígbà tí wọ́n bá máa hú wọn, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wà níbẹ̀."

"Àwáwù, ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Gẹ̀ẹ́sì lẹ kọ́ wa, Mummy," Àwáwù ní. Kò fi ṣe àfojúdi rárá. Ohun tó rántí ló sọ.

Ìrètí wo ìka arúgbó náà tó ń nà bọ̀ síbi íǹkì. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá dákẹ́: bó pẹ́ bó yá, kátákátá yóò dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí, wọn yóò sì ní Ìyá Tísà ló ní kò ní dé. Ó tún mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá sọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ fún méjèèjì. Ká ní ẹlòmíràn wà tó lè bá a sọ ọ́, ì bá fún un láyè tayọ̀tayọ̀.

"Baba, ẹ dúró," ó ní. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe kan ti wáyé."

"Àṣìṣe?" Baba dá ọwọ́ dúró sókè. "Ta ló ṣe é?"

Adìyẹ kan ń já ewé gbígbẹ lẹ́yìn àga David.

"Èmi ni," Ìrètí wí. "Ohun tí wọ́n sọ kọ́ ni mo sọ fún yín. Wọ́n ní àwọn máa hú wọn, àwọn máa kó wọn lọ sí ìtẹ́ òkú ìgboro. N kò dúró gbọ́ ọ tán. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

"Háà! Ìyá Tísà!" Ọ̀ṣunlọlá pariwo. "Ẹ̀yin! Wọ́n ti sọ fún Baba wọn! Wọ́n ti fi obì sí i! Ṣé ẹ ò rí wọn ni? Ojú yín kọ́ ni?"

"Ojú mi ni," Ìrètí dáhùn.

David ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó béèrè ohun tó dé. Ìrètí sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yà á lẹ́nu bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe kúrú tó. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀ níbí, Ìrètí ní òótọ́ ni, kò sọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ilé yìí gan-an ni àwọn fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ tí yóò máa lọ ẹ̀gẹ́ sí, pé àwọn yóò gbé àwọn òkú náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìrètí dúró títí tó fi pa ẹnu dé, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀wọ̀.

Baba Èṣùbíyìí kò bá David sọ̀rọ̀. Ìyá Tísà ló kọjú sí.

"N kò lè padà lọ bá wọn," ó wí. "Ojú ń tì mí. Ẹnu mi gbé irọ́ tọ bàbá mi lọ, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá Tísà, ẹ̀yin lẹ ó lọ."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín."

Ìrètí ronú kan pásítọ̀ rẹ̀, ó ronú kan ohun tí ìjọ yóò wí bí wọ́n bá gbọ́ pé òun kúnlẹ̀ sọ́dọ̀ òkú olórìṣà. Lẹ́yìn náà ni kò ronú mọ́. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń ro ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbodo. Ó la ẹnu. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ láyé, kò tíì la ẹnu rí kí ọ̀rọ̀ kan má ti wà nílẹ̀ fún un, àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ọ̀rọ̀ ìyàrá ìkàwé ni o. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní bí a ṣe ń bẹ òkú tí a parọ́ fún. Omijé dé, ojú sì tì í fún omijé náà.

"Baba Ifátọ́lá," ó ní, "ẹ ò mọ̀ mí. Ìrètí ni mí, ọmọ Ọ̀ṣuntọ́lá, ní Ẹdẹ. Ọmọ yín ò parọ́ fún yín. Èmi ni. Wọ́n fẹ́ hú yín, mo ní wọn ò ní hú yín. N kò kórìíra yín. Ó rẹ̀ mí ni. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn yín dópin, mo sì gbọ́ ọ nígbẹ̀yìn, mo dákẹ́. Ẹ má bínú sí ọmọ yín."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí Ọ̀ṣunlọlá fi wá fà á dìde. Kò fà á tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ó fà á.

Nígbà tó padà sábẹ́ igi, Baba ti yíjú sí David.

"Ìyá Tísà, ẹ bá mi sọ fún un. Kí ó máa lọ ní àlàáfíà."

Ìrètí la ẹnu. Baba na ọwọ́ sókè.

"N kò tíì parí."

Ó pa á dé. Arúgbó náà kò kánjú. Ó gbọn eruku kúrò lórí itan rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Bí ó bá rí ibòmíràn kọ́ ilé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, tí kò ní kan àwọn tó sùn, ilẹ̀ tó kù wà níbẹ̀. Kí ó padà wá, ká jọ sọ ọ́. N kò bá a jà." Ó tún dákẹ́. Ìrètí dúró. "Ṣùgbọ́n bó bá ń bọ̀, kí ó mú ògbufọ̀ mìíràn dání. Mo ti parí."

David ń wo ẹnu Ìrètí, ó ń retí. Àwáwù bojú wo ilẹ̀. Ìrètí yíjú sí ọkùnrin náà, ó sì sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yọ ẹyọ kan kúrò, kò fi ẹyọ kan kún un.

"Ṣé ẹ sọ gbogbo rẹ̀?" Baba béèrè.

"Mo sọ gbogbo rẹ̀, Baba," ó ní, "títí kan ti ògbufọ̀."